Ìṣẹ́jú 53

 

Ní Amẹ́ríkà níbí, kí adójútòfò tó san owó wákàtí kan fún àwa tí à ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn, a gbọ́dọ̀ ti jókòó ti aláìsàn fún ìṣẹ́jú 53, ó kéré tán. Iléeṣẹ́ ńlá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kò fi ìṣẹ́jú yẹn ṣeré. Èèyàn mẹ́jọ lóòjọ́, lórí kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ tí mò ń kọ lóru, kò sówó ńbẹ̀. Ẹni tó bá dá àkókò tí kò yọjú, owó tèmi náà lọ nìyẹn.

Obìnrin kan (mo ti yí ìtàn rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀) fi ìṣẹ́jú 50 sọ̀rọ̀ àìróorunsùn. Ìgbà tó kù díẹ̀ ká dágbére, ó di ife tíì mú gírígírí, ó ní: "Mi ò tíì sọ ti ọmọ mi tó kú fún ẹnì kankan."

Ẹni tó kàn ti ń dúró. Mi ò kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà.

Ọkàn mi lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àárẹ̀ ọkàn tó wà l'Ábẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé níbẹ̀, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, ń dáná fún wọn.

Mo ti kọ̀wé sáwọn ọ̀gá: ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú 15 láàárín ẹnì kan sí èkejì. Mo ṣì ń retí èsì.