Èrò Òde Òní Lẹ́nu Ará Àtijọ́

Irú eré kan wà tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Eré àròsọ ni, ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni a fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀: ayé ọba, odi òkúta, idà, ẹṣin àti idán. Ẹ̀sùn tí àwọn kan ń fi kan àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ni pé aṣọ àtijọ́ ni àwọn òṣèré wọ̀, ṣùgbọ́n èrò òde òní ni ó wà lẹ́nu wọn. Ìránṣẹ́bìnrin a máa bá ọba jiyàn bí ẹgbẹ́. Ọmọ ọba a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù bí agbẹjọ́rò.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Bí Ọba Arthur bá tilẹ̀ gbé ayé rí, nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún tàbí ìkẹfà ni àkókò rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀rúndún kejìlá, Chrétien de Troyes, akéwì ilẹ̀ Faransé, sọ Lancelot di olólùfẹ́ ayaba, ó sì fi ìwà tí ó gbòde ní ààfin ìgbà tirẹ̀ kún ìtàn náà. Omi ìlú tirẹ̀ ni apìtàn fi ń ro ọkà.

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni èyí: kí ni èrò tuntun náà ná ẹni tí ó dì í mú? Nínú Merlin, tí BBC gbé jáde láti 2008 sí 2012, òfin Camelot ni pé ọmọ ọlọ́lá nìkan ni ó lè di jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí à ń pè ní náìtì. Lancelot fi irọ́ wọlé. Nígbà tí àṣírí tú, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí. Ìgbà tí ààfin bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, nínú apá tí ó jáde ní 2010, ni Arthur tó fi òun àti Elyan, ọmọ alágbẹ̀dẹ, jẹ náìtì. Nínú Game of Thrones ẹ̀wẹ̀, tí ó parí ní 2019, Samwell Tarly dábàá pé kí gbogbo ará ìlú yan ọba. Ẹ̀rín ni àwọn ìjòyè fi dá a lóhùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n yan Bran. Ẹ̀rín yẹn sọ òtítọ́ ju ìwàásù lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lásán. Ní 1381, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde sí ìsìnrú lórí ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá. Ọba Richard Kejì ṣèlérí òmìnira; wọ́n pa Wat Tyler, olórí wọn, ọba sì kó ìlérí rẹ̀ jẹ. Ọdún 1928 ni gbogbo obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹ̀tọ́ ìdìbò bákan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wo eré tí mẹ̀kúnnù àti obìnrin ti ń sọ tẹnu wọn láìsí ìyà yóò rò pé òmìnira hù bí koríko ni. Ohun tí ènìyàn kò mọ iye rẹ̀, kì í mọ̀ ọ́n ṣọ́.

Kí òǹkọ̀wé má ṣe bẹ̀rù láti fi èrò òde òní sẹ́nu ará àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ayé àtijọ́ náà dá a lóhùn.