Ráútà Ta Ló Wà Nílé Yín?

Ọ̀rọ̀ ráútà la fẹ́ sọ lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sábà máa ń fi ráútà tiwọn lé yín lọ́wọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á dín owó rẹ̀ kù; nígbà mìíràn ẹ ó dá a padà bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lọ́ọ̀kì. Síìmù tiwọn nìkan ló ń gbà.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Nẹ́tíwọ̀kì tó ń sáré ní Agric lè máa wọ́ ní Ìjẹ̀dẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ sì rèé, a kì í pẹ́ nílé kan: lánlọ́ọ̀dù fowó kún ilé, a kó ẹrù. Bí nẹ́tíwọ̀kì yẹn ò bá dáa nílé tuntun, ráútà ti di ohun ọ̀ṣọ́ orí tábìlì nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà òkè òkun lè pàdánù iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ráútà tí wọ́n ń pè ní "universal" ní Computer Village, Ikeja, ń gba síìmù gbogbo. Ó lè wọ́n díẹ̀, àmọ́ tiyín ni. Síìmù nìkan lẹ ó máa pààrọ̀.

Ẹ má tíì sáré o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àkọ́kọ́, ẹ fi fóònù dán nẹ́tíwọ̀kì wò. Ẹ yá síìmù ọ̀rẹ́, kí ẹ wo bó ṣe ń sáré nínú yàrá yín gan-an, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí gbogbo àdúgbò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, ẹ ka ara páálí rẹ̀. 4G wa ń lo 700, 800, 1800 àti 2600 MHz; lára páálí, ẹ ó rí B28, B20, B3 àti B7. Èyí tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré ló ń rìn jìnnà, tó sì ń wọ ògiri dáadáa. Ráútà tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè má ní B20 rárá.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi síìmù ilé-iṣẹ́ méjì dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá délé, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tó bá a wá.

Ẹnìkan á ní, "Starlink ńkọ́?" Láti January 2023 ló ti dé Nàìjíríà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ra ẹ̀rọ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Starlink nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Torí náà, kéèyàn ra nǹkan yàtọ̀ sí kó lómìnira.

Bí ẹ bá ti fìdí kalẹ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì kan sì dáa níbẹ̀, ráútà olówó pọ́ọ́kú tiwọn ò burú. Ẹ ṣáà béèrè ohun méjì kí ẹ tó sanwó: "Ṣé tèmi ni? Ṣé ó ń gba síìmù mìíràn?"

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ kó lọ ilé tuntun. Ó dìgbà o!