Kí ni à bá máa pe “Middle Passage” ní èdè wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Stockwell

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ kan tí àwọn ọmọ wa ń gbé bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdọọdún: Middle Passage. Àwọn kan nínú wa ń túmọ̀ rẹ̀ sí “ìrìnàjò àárín”. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò ni à ń kí pé ó dàbọ̀, pé kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Ẹni tí wọ́n so lókùn mọ́rùn kò rìnrìn àjò kankan. “Àárín” náà kì í sì í ṣe tiwa. Ìṣirò àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ni: láti Lọ́ńdọ̀nù, Bristol tàbí Liverpool dé Áfíríkà ni ìpín kìíní; Áfíríkà dé Amẹ́ríkà, ìkejì; kí wọ́n kó ṣúgà padà sílé, ìkẹta. Àwọn wo ló ń padà sílé níbẹ̀?

“Oko ẹrú” tí àwa ń wí, ibi tí wọ́n kó wọn dé ló ń tọ́ka sí, kò sọ ti ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn pa ọ̀pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tó pa wọ́n ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìgbẹ́ ọ̀rìn wà lára èyí tó burú jù: omi á tán lára aláìsàn, àwọn tó kù á sì máa sùn nínú ẹ̀gbin kan náà. Omi mímọ́, iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń pò nílé ìbá gba ọ̀pọ̀ là. (Ṣúgà yìí kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ kó wọn o!)

Kì í sì í ṣe orí òkun nìkan. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ní Òṣogùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun. Gbogbo ìyà orí ilẹ̀ yẹn, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò kà á kún.

Èrò tèmi ni pé kí a máa wí pé “ìkónilẹ́rú kọjá òkun”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹnì kan ló kóni. Àwọn kan fẹ́ máa pe ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà bẹ́ẹ̀. Ìyà wọn pọ̀, wọ́n tilẹ̀ ta ẹlòmíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni ọ̀pọ̀ fi kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí á wá orúkọ tirẹ̀ fún un.

Àgbà tó bá ti gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún akọ̀wé kí a tó jẹun.