Bí Ọpọlọ Ọkọ̀ Bá Fẹ̀sùn Kan Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní kan ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, àti ẹni tí ọkọ̀ ń bá kó irè oko lọ sọ́jà.

Ní Èjìgbò tó wà lẹ́bàá Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe Èjìgbò ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọkọ̀ kì í dá lójú títì. Dáńfó àti kòrópe ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín Ìkọ̀tún, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì. Ibi tí ọkọ̀ bá sì pọ̀ sí, mẹkáníìkì àti rìwáyà kò ní ṣàì pọ̀ síbẹ̀. Ọ̀ràn kan tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn lemọ́lemọ́ rí báyìí: ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, tí ó sì há sínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ, á kú pii. Iná kékeré tó jọ ẹ́ńjìnnì á tàn níwájú awakọ̀. Wọn á mú ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù wá, wọn á wò ó, wọn á sì ní, “Brain box ló bàjẹ́.” Awakọ̀ á kó owó àjọ tó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ, á gba ọjà Ládípọ̀ lọ ní Mushin, á ra òmíràn. Wọn á dè é mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì tún kú bí ó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀. Owó ti lọ, àìsàn kò lọ.

Kí ni brain box yìí? Nígbà tí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní 1975, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mẹkáníìkì sì lè fi etí lásán gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1981, General Motors ti fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ alo-bẹntiróòlù tó ń tà ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà yìí ni ọpọlọ ọkọ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún un bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé tó. Òun náà ń pàṣẹ fún nọ́súlù pé kí ó tu epo, ó sì ń pàṣẹ fún kọ́ìlì pé kí ó ṣá iná. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ìsọ̀rọ̀ kan náà, oníhò mẹ́rìndínlógún, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ìwakọ̀ wà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ akàwé kan ṣoṣo fi lè bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n mọ́, nítorí náà àwọn tó lè ka kóòdù ti pọ̀ ju àwọn tó lè túmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọpọlọ náà a máa dán ara rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ni gbogbo òfin iṣẹ́ tí a kọ sínú ìrántí rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti ro nọ́ńbà wọ̀nyí pọ̀, wọ́n sì ti kọ àpapọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ọpọlọ á tún un rò fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe máa ń tún ìlà orí káàdì kà kí ó tó san owó ìparí oṣù. Bí iye kò bá dọ́gba, á kọ P0601. Bákan náà, á kọ nǹkan sórí síléètì ìrántí rẹ̀, á tún un kà. Bí ohun tó kà bá yàtọ̀ sí ohun tó kọ, á kọ P0604. P0606 ló wúwo jù lára wọn: ó ń sọ pé ẹni tí ń ronú nínú àpótí náà gan-an kò dáhùn bó ṣe yẹ. P0603 ní tirẹ̀ jẹ mọ́ ìrántí tí bátìrì ń bọ́ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí a ti pa ọkọ̀. Bí oúnjẹ yẹn bá dá, ìrántí náà á ṣófo. Rìwáyà tó yọ bátìrì lánàá lè jẹ́ ẹni tó bí ẹ̀sùn òní.

Ẹ̀sùn ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tí ebi ń pa lè máa sọ ìsọkúsọ, kí a sì rò pé orí rẹ̀ ló dàrú. Oúnjẹ ọpọlọ ọkọ̀ ni iná bátìrì, òun ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mítà ìwọniná olówó kékeré tó fún un. Bátìrì tó yè kooro, tí a fi sílẹ̀ láìṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, yẹ kí ó fi bíi 12.6 fólítì hàn; bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bí ó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí a ń yí kọ́kọ́rọ́ láti jí ọkọ̀, àwọn ọpọlọ kan lè dákú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n sì kọ ẹ̀sùn tí kò tọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Kí a fi ọwọ́ mítà kan sí ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti wọ inú àpótí ọpọlọ, kí a fi èkejì sí òdì bátìrì, kí a sì ní kí ẹnìkan jí ẹ́ńjìnnì. Bí mítà bá fi ju 0.2 fólítì hàn, ìpẹtà tàbí bóòtù tó tú ti ń dí ọ̀nà iná níbì kan.

Bí ẹ̀rọ akàwé kò bá tilẹ̀ rí ọpọlọ bá sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́? Ó yára jù láti sọ pé ó ti kú. Nínú ihò mẹ́rìndínlógún yẹn, ihò 16 ni iná bátìrì ń gbà, 4 àti 5 sì jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fúùsì tí ń bọ́ ihò 16 náà ló ń bọ́ ibi ìtanná sìgá, ibẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ ń ki oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìgbanáfóònù bọ̀, títí fúùsì á fi já.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ lórí iná 5 fólítì, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń dá ọ̀pọ̀ ọpọlọ aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ọpọlọ ń gba iná bátìrì, ó ń dín in kù sí 5 fólítì, ó sì ń pín in fún àwọn sẹ́ńsọ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ló ń mu láti orí wáyà kan ṣoṣo, bí ìgbà tí agbo ilé kan ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ omi kan. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá bàjẹ́ nínú, tàbí tí wáyà rẹ̀ bó tí ó sì ń kan irin ọkọ̀, 5 fólítì náà á ṣàn dànù, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ìyókù á sì yadi. Kóòdù márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, P0641 lè wà lára wọn, ọpọlọ ni gbogbo ojú á sì máa wò. Rìwáyà tó gbọ́n kò ní sáré. Á fi mítà sórí wáyà 5 fólítì náà, á sì máa yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí ó bá yọ ọ̀kan tí mítà sì fò padà sí 5, ó ti mú olè. Bí ó bá yọ gbogbo wọn tán tí iná kò padà, á yẹ wáyà wò títí dé ẹnu àpótí. Bí wáyà náà bá mọ́, nígbà náà ni ó tó fura sí inú àpótí fúnra rẹ̀.

A kò sọ pé ọpọlọ kì í bàjẹ́ o. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá pé, tí ẹ́ẹ̀tì dára, tí a pa kóòdù rẹ́, tí P0601 tàbí P0606 sì padà lójú ẹsẹ̀ tí a ṣí kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti wọ inú àpótí. Omi ló ń ba púpọ̀ jẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni àpótí náà wà, ibẹ̀ sì ni ìkún-omi Èkó ń dé; ìpẹtà aláwọ̀ ewé lórí ẹsẹ̀ wáyà ni ẹ̀rí. Ooru náà ń fa ìsán sínú òjé tí a fi jó àwọn nǹkan mọ́ pátákó inú rẹ̀: bí ó bá tutù, ìsán á pa dé, bí ó bá gbóná, á là. Ọkọ̀ tí ń kú lọ́sàn-án tí ń jí lálẹ́ lè ní irú rẹ̀. A lè fi ẹ̀rọ amúrungbẹ fẹ́ ooru díẹ̀ sí àpótí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ̀rí náà lágbára. Ẹni tó mọ iṣẹ́ òjé lè tún irú èyí jó láìra òmíràn.

Bí rírà bá di dandan, kí a mú àpótí àtijọ́ lọ sí Ládípọ̀, kí nọ́ńbà ara méjèèjì bára mu. Kí ọkọ̀ jọ ọkọ̀ nìkan kò tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ọpọlọ mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan. Bí a bá gbé àjèjì síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á yí ṣùgbọ́n kò ní gbiná, tàbí kí ó gbiná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó sì kú. Inú àpótí àtijọ́ ni ìmọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn wà, amòye sì lè kó o sínú tuntun, nítorí náà kí a má ṣe fi í tọrẹ fún ẹni tó tà á fún wa.

Kí a tó de tuntun mọ́ ọkọ̀, ó ku àyẹ̀wò kan. Kọ́ìlì tàbí nọ́súlù tó ti jóná nínú máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ń pàṣẹ fún un nínú ọpọlọ ni yóò sì jó. Kí a yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a fi mítà wọn óòmù wọn, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn àti ohun tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ sọ. Èyí tó bá kéré jù ni kí a pààrọ̀ lọ́jọ́ kan náà tí a óò de ọpọlọ tuntun, nítorí pé òun ló pa ti àkọ́kọ́, kò sì tíì kúrò nínú ọkọ̀.