Ẹnu-Bodè Ààtàn

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ìjọ kan tí ó ti dàgbà sọ fún ìjọ àti àwọn àlejò ní Awẹ́, ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

  Ọlọ́run tí ó mú wa rí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí yóò mú àwọn ọmọ wa rí òmíràn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ìtàn ìjọ ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi: ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi, ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó ru bíríkì. Ìtàn náà ti wà ní àkọsílẹ̀, ẹ ó sì kà á. Ohun tí ó wà ní ọkàn mi lónìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń gbá, àti ibi tí a ń dà á sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fojú kéré rẹ̀.

Bí a bá ṣí ìwé Nehemiah, orí kẹta, a ó rí orúkọ àwọn tí ó tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. Olórí àlùfáà mú Ẹnu-bodè Àgùntàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà mú apá tiwọn. Ní ẹsẹ 14 ni a bá ọkùnrin kan pàdé, Malkiah ọmọ Rekabu. Ìjòyè ni, olórí agbègbè kan ni pẹ̀lú. Ẹnu-bodè Ààtàn, níbi tí a ń gbà kó ìdọ̀tí ìlú jáde, ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. A kò kà á níbẹ̀ pé ó wí pé iṣẹ́ náà kò yẹ ipò òun. Ó kọ́ ọ parí, ó sì gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ró. Nítorí náà ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ olórí àlùfáà. Ẹ̀yin ará, èwo nínú wa ni yóò gba Ẹnu-bodè Ààtàn ní Awẹ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé ọ̀bùn ni àwọn bàbá wa. Ní ìgbà tí ìhìnrere wọ ilẹ̀ yìí, kò sí agbo-ilé tí kò ní ààtàn. Kí ni ó wà lórí rẹ̀? Ewé eéran tí a fi wé ẹ̀kọ, èépo iṣu, eérú ààrò, àpáàdì ìkòkò. Ewé a jẹrà. Ewúrẹ́ a jẹ èépo iṣu. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Igbá tí ó bá là, a ó gán an. Ọkọ́ tí ó bá jẹ tán, a ó dá a padà sí iná alágbẹ̀dẹ. Àpáàdì kò tilẹ̀ ṣòfò, nítorí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ojú ọ̀nà àti àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fi àpáàdì tẹ́, tí ó ti lé ní 500 ọdún. Nígbà tí ààtàn bá sì gbó, a ó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, yóò sì yọ dáradára. Ohun tí a jù nù padà di oúnjẹ.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé ìjọ, láàrin ọdún 1950 sí 1960, olúkúlùkù ọmọ ni ó ní ìpín ilẹ̀ tí yóò gbá kí aago tó lù. Olùkọ́ a wo èékánná wa. Bí a bá dé ilé, a ó bá wọlé-wọlé níbẹ̀, yóò máa bojú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi. A bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ilẹ̀ wa dọ̀tí tó ní ìgbà náà, òjò kan àti oòrùn kan tó láti sọ ọ́ di erùpẹ̀.

Nígbà tí ó di bí ọdún 1990 sí 2000, omi inú ọ̀rá dé. Ohun rere ni ó kọ́kọ́ jẹ́, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ omi àìmọ́ tí a ń fi ife kan ṣoṣo bù mu ní ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgò ike dé, àti abọ́ funfun fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tí a fi ń di oúnjẹ àríyá lọ sí ilé. Epo tí a wà láti inú ilẹ̀ ni a fi ń ṣe wọn. Òjò kò lè rẹ̀ wọ́n, ikán kò lè jẹ wọ́n. Bí ewúrẹ́ bá gbé ọ̀rá mì, inú rẹ̀ kò ní lè dà á, yóò sì máa rù títí yóò fi kú. Bí a bá dáná sun ún, èéfín olóró ni àwọn ọmọ wa yóò fà símú. Àṣà jíjù tí a jogún kò yí padà; ohun tí a ń jù ni ó yí padà. Ibẹ̀ ni ìṣòro wa wà.

Ẹ wo Ìbàdàn, ìlú ńlá tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ju 100 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì tún lé ní 100. Òjò náà pọ̀ ní tòótọ́, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ ọ̀ràn náà wò jẹ́rìí sí i pé ìdọ̀tí tí a dà sí inú odò wà lára ohun tí ó dí omi lọ́nà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Awẹ́ kì í ṣe Ìbàdàn. Èmi tí mo dúró níwájú yín ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ tí mo ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún mi, ẹ wá bá mi yọ̀, a jẹ, a mu. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ gbá ọ̀rá omi jọ, wọ́n sì tì í sí inú gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Mo jókòó lórí àga, mo rí wọn, mo sì wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, òjò yóò gbé e lọ.” Òjò gbé e lọ lóòótọ́. Ó gbé e dé ẹnu afárá kékeré tí ó wà níwájú ilé opó kan, níbẹ̀ ni ó dúró sí. Kò pé oṣù kan tí àgbàrá fi yà wọ ilé ìyá náà. Èlùbọ́ tí ó fẹ́ gbé lọ sí ọjà bàjẹ́, ògiri ilé ìdáná rẹ̀ sì wó.

Mo lọ bá a kẹ́dùn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkọ́ wa ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu afárá. Mo wolẹ̀, mo rí ọ̀rá kan tí a tẹ àwòrán ènìyàn sí. Àwòrán tèmi ni. Ọ̀rá ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ mi pín ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ni. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá náà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, òjò ni.” Mo tún ògiri náà kọ́, mo sì san owó èlùbọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe òjò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu sílẹ̀ ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ọkàn mi.

Kí ni kí á ṣe? Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ kí á má béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun gbógun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ya òwúrọ̀ Sátidé ìgbẹ̀yìn oṣù sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó. Ìlú mọ́ ní ìgbà náà. Nígbà tí ẹ̀rù sójà kúrò lára wa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀rù ṣe kì í pẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí a fi ìfẹ́ ṣe. Ní orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, Estonia ni orúkọ rẹ̀, nǹkan bí 50,000 ènìyàn jáde ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2008. A kò fi pàṣán lé wọn, a kò san owó fún wọn. Láàrin wákàtí 5, wọ́n kó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kúrò nínú igbó àti ní ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi pinnu ní ọdún 2023 pé ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ni a ó máa fi ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó gbogbo ayé.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n fi ń lọ láti ilé dé ilé láti kó ike, páànù àti ìwé àlòkù, olúkúlùkù ilé a sì máa gba èrè gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí ó bá kó jọ. Ní Ajégúnlẹ̀, ní Èkó kan náà, ìròyìn tàn ní ọdún 2019 nípa ilé-ìwé Morit, níbi tí àwọn òbí ti ń fi ìgò ike san nínú owó ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà ni ẹlòmíràn fi rán ọmọ ní ilé-ìwé.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọ yìí ní ohun mẹ́ta. Èkínní, kí á dín jíjù kù. Ní àríyá wa, ẹ jẹ́ kí á padà sí àgbá omi mímọ́ àti ife tí a ń fọ̀, kí á sì padà sí ewé. Èkejì, kí á máa yà á sọ́tọ̀ láti inú ilé: ìyókù oúnjẹ àti ewé sí ihò ajílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rá sí àpò kan, ìgò ike sí àpò kejì, páànù àti irin sí ìkẹta. Bí wọ́n bá ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ máa jáde ní Sátidé kan nínú oṣù láti ṣa ojú ọ̀nà àti gọ́tà, kí ọwọ́ wọn má ṣe wà ní òfìfo láìní ìbọ̀wọ́.

N kò ní tàn yín. Owó ọ̀rá kò tó nǹkan, oníṣòwò kò sì ní gbé ọkọ̀ wá nítorí àpò mẹ́ta. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ̀yà. Bí Awẹ́ bá kó tirẹ̀ jọ, tí Fìdítì àti Ìlọrà kó tiwọn, tí Akínmọ̀rìn àti Jọ́bẹ́lẹ́ dara pọ̀, ọkọ̀ yóò rí ẹrù kó. Mo bẹ ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ti àwọn ìlú wọ̀nyí wá pé kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé. Kí ará Mùsùlùmí àti àwọn ìjọ yòókù bá wa ṣe é, nítorí àgbàrá kò béèrè ẹ̀sìn kí ó tó wọlé.

Iṣẹ́ ìjọ sì ni. Láti ọdún 1990 ni ìgbìmọ̀ Ìjọ Áńgílíkà gbogbo ayé ti fi ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá kún àwọn àmì márùn-ún iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa. Olúwa wa fúnra rẹ̀, nígbà tí ó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin yó, kò jẹ́ kí wọ́n fi àjẹkù sílẹ̀ lórí koríko. Agbọ̀n méjìlá ni wọ́n kó jọ. Ẹni tí ó lè fi ìṣù àkàrà márùn-ún bọ́ ogunlọ́gọ̀ kò ka àjẹkù sí ohun tí a lè sọ nù.

Ní ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, àwa náà yóò jẹun lórí koríko ọgbà yìí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èmi yóò gbé agbọ̀n tèmi wá. Ẹsẹ̀ mi kò yá mọ́, ẹ̀yìn mi kò sì lè tẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo lè jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa kó o wá, kí n máa yà á sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba Ẹnu-bodè Ààtàn.

Kí àwọn tí yóò pé jọ síhìn-ín ní ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn bá ilẹ̀ tí ó lè hu ẹ̀fọ́. Kí Olúwa bùkún ìjọ rẹ̀, kí ó sì wo Awẹ́ pẹ̀lú ojú rere. Àmín.