Ẹ Yí Àwo Náà Padà, Kí Ẹ Kà Á
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà)

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orí ẹni pé bí orí ará Ṣómólú tó ta mọ́tò, tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá mọ iye tí nǹkan tó, orí rẹ̀ pé. Ohun tí mo bá wá lónìí nìyẹn.

Ká ní ìyá ìyá yín fi àwo tánganran kan sílẹ̀. Òdòdó wà lára rẹ̀, wúrà sì yí etí rẹ̀ ká. Oníṣòwò kan dé, ó ní, "Màmá, àwo àtijọ́ lásán nìyí. Ẹ gba owó ọbẹ̀." Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ dé, ó ní àwo ọba Faransé ni, kí ẹ kó owó ńlá wá. Ta ni ẹ ó gbà gbọ́? Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ yí àwo náà padà, kí ẹ ka abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Amọ̀ funfun ni. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n rí i ní Saint-Yrieix, lẹ́bàá ìlú Limoges, ní 1768. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ìyàwó dókítà kan tó ń jẹ́ Darnet ń fi í fọ aṣọ bí ọṣẹ, kí ọkọ rẹ̀ tó fura pé kì í ṣe amọ̀ lásán.

Wọ́n á po amọ̀ náà mọ́ òkúta lílọ̀, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sun ún. Omi tó ń hó gbóná tó 100. Iná yìí tó 1,400. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé láàárín àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ̀ pé àwọ̀ kan ló ń tẹ̀lé èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwo: wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún dá a padà sínú iná. Wúrà ló ń kẹ́yìn. Láyé ọjọ́un, oyin ni wọ́n fi ń lọ wúrà náà. Bó bá jáde nínú iná, wọ́n á fi òkúta dídán fà á títí yóò fi dán gbinrin.

Ilé iṣẹ́ ọba bẹ̀rẹ̀ ní Vincennes, ó sì kó lọ sí Sèvres, nítòsí Paris, ní 1756. Àmì wọn ni L méjì tó lọ́ mọ́ra, nítorí Louis lorúkọ ọba. Lẹ́tà àárín rẹ̀ ń sọ ọdún: A ni 1753, B ni 1754. Ayàwòrán àti akunwúrà kọ̀ọ̀kan tún ní àmì tirẹ̀. Wọ́n ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àmì wọn ṣì ń jẹ́rìí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ẹ ṣọ́ra o! Ayédèrú pọ̀. Ilé iṣẹ́ Samson ní Paris, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, gbajúmọ̀ fún àdàkọ àwo àtijọ́. L méjì nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí "France" lábẹ́ àwo, kì í sábà jẹ́ ti ayé ọba. Òfin Amẹ́ríkà láti 1891 ló mú kí wọ́n máa kọ orúkọ ilẹ̀ sára ọjà òkèèrè. "Limoges" náà kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ìlú ni, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi han ju ẹni méjì lọ. Ẹ má fi kànìnkàn onírin fọ wúrà rẹ̀, yóò ṣí.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ yí àwo kan padà, ìbáà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ rà lọ́jà Bàrígà. Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè fún àwọn ọmọ yín. Ó dàárọ̀ o.