Ọjọ́, Ooru àti Agbára Kọnkéré



Ìlú wa ń gbòòrò. Láti Sàngó títí dé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ilé iṣẹ́ àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ń rí, ọ̀pọ̀ yín tí ẹ wà lókèèrè sì ń fi owó ránṣẹ́ láti kọ́lé. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí a bá da dẹ́kìn tán, ọjọ́ wo ni ó tọ́ kí a yọ igi tí ó gbé e ró?

Onílé ń kánjú. Káfíńtà fẹ́ kó pákó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Símẹ́ǹtì àti omi ni ó ń para pọ̀ di òkúta, ooru ni ó sì ń mú kí iṣẹ́ náà yá. Nítorí náà, kíka ọjọ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí a ka ooru pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nurse ní 1949 àti Saul ní 1951, ni wọ́n gbé ìṣirò rẹ̀ jáde. A ó wọn ooru inú kọnkéré lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó fi 10 kún un, a ó sì fi iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ooru bá jẹ́ 20, ọjọ́ 28 yóò fún wa ní 840. Bí ó bá jẹ́ 27, bí ó ti lè rí ní Ọ̀tà, ọjọ́ kan yóò jẹ́ 37, a ó sì dé 840 ní nǹkan bí ọjọ́ 23.

Ṣùgbọ́n 840 kì í ṣe agbára fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjíníà ní láti kọ́kọ́ da kúùbù láti inú àpòpọ̀ kan náà, kí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n fọ́ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè mọ agbára tí ó bá iye kọ̀ọ̀kan mu. Bí a bá yí símẹ́ǹtì tàbí ìwọ̀n omi padà, a ó tún un ṣe.

Ní ọjọ́ 27 oṣù April 1978, ní Willow Island ní Amẹ́ríkà, pẹpẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé ni a so mọ́ kọnkéré tí a dà lánàá ọjọ́ náà. Òtútù kò jẹ́ kí ó tíì lágbára tó. Ó ya lulẹ̀, ènìyàn 51 sì kú. Ní 1987 ni ẹgbẹ́ ASTM ibẹ̀ sọ ìṣirò yìí di ìlànà.

Òtútù kọ́ ni ọ̀tá tiwa, bí kò ṣe àìsí omi. Oòrùn àti ọyẹ́ ń fa omi kọnkéré gbẹ. Bí omi bá tán, símẹ́ǹtì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, bí iye tí a ń kà tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí a sì fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bò ó.

Ẹ̀yin ará wa lókèèrè, ẹ má ṣe béèrè pé "Ṣé wọ́n ti parí?" nìkan. Ẹ béèrè ọjọ́ tí a dà á, ìwé ooru rẹ̀ àti èsì kúùbù rẹ̀, kí ẹ tó gbà kí a yọ igi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé wa wó lé wa lórí.